Ìró Kejì Ọ̀bẹ

N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan nínú wọn ṣì ń gbé àdúgbò náà, mo sì ti kọ́ ọ pé ohun tí ènìyàn bá kọ sílẹ̀ lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí a kò kọ ọ́ fún. Ọ̀rọ̀ náà kò kúkú ju ti ẹ̀rọ kan lọ, ẹ̀rọ ìgébébà tó wà níbi iṣẹ́ wa ní Ṣómólú, àti ọwọ́ ọkùnrin tó ń lò ó.

Ní òpópónà wa nígbà náà, ó ṣòro kí ènìyàn rí ilé mẹ́ta tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí wọn kì í tẹ̀wé nínú ọ̀kan. Ẹ̀rọ ń dún láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Etí wa ti mọ́ ọn débi pé a kì í gbọ́ ọ mọ́, àfi bí iná bá lọ tí gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Prẹ́ẹ̀sì tiwa kò tóbi. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì la ní, mo sì wà nídìí ọ̀kan. Ẹ̀rọ ìgébébà wà nínú yàrá tó kángun sí gọ́tà. Àwọn obìnrin tó ń to ìwé jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mọ́kànlá ni gbogbo wa, bí a bá ka ọ̀gá mọ́ wa.

Ọ̀gá wa kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo fẹ́ kí èyí yé ẹni tó bá ń kà á. Ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn ni bíi tèmi. Bí ìyàwó òṣìṣẹ́ bá bímọ, ó máa ń wá sí ìkómọ, kì í sì í tètè lọ. Òun ló kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wa níṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ẹni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di bébà mú, báwo lo ṣe fẹ́ dúró níwájú àwọn ènìyàn kí o sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀?

Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ̀rọ tó dún, a máa ń dúró yí tábìlì ìtòwé ká. Ọ̀gá á gbàdúrà, á ní kí ọ̀kan nínú àwọn Mùsùlùmí gba tirẹ̀ kún un. Lẹ́yìn náà á ka iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ fún wa, á sọ bí òun ṣe fẹ́ kí a ṣe é. Nígbà tó bá ti sọ gbogbo rẹ̀ tán ló máa wá bi wá pé:

"Ṣé ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ láti sọ?"

"Kò sí, sà."

A jọ ń dáhùn ni, bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣe àmín. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń da íńkì nù ń dáhùn, ẹni tó mọ̀ pé iṣẹ́ tí ọ̀gá gbà náà kò lè parí lọ́jọ́ tó dá ń dáhùn. Bí a bá ti jáde, ọ̀rọ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá tó dàgbà jù nínú àwọn tó ń to ìwé máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀yin aṣòfin ti dé o. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi lẹ ti máa ń jókòó. Ẹ kò rí ẹnu yín nínú ilé?"

"Màmá, ẹ̀yin náà ò ṣáà sọ̀rọ̀."

"Èmi? Ìwé ni mo ń tò. Ẹni tó ń to ìwé kì í bá ọ̀gá fa ọ̀rọ̀."

Olúkúlùkù ní ìdí tirẹ̀. Èmi náà ní tèmi. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà ṣì wà lórí oyè, prẹ́ẹ̀sì kan ní Bàrígà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹnì kan gbé iṣẹ́ wá, ìwé pélébé tó ní kí ìjọba kógbá sílé. A tẹ̀ ẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, àwọn ṣọ́jà dé. Ẹni tó ni prẹ́ẹ̀sì ti gba ẹ̀yìn jáde. Wọ́n tò wá sára ògiri, wọ́n bi wá bóyá a kò mọ ohun tí a tẹ̀. Àwọn yòókù dákẹ́. Èmi ni mo sọ pé iṣẹ́ wa ni láti tẹ ohun tí oníbàárà bá gbé wá. Gbólóhùn kan péré ni. Mo fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, mo fi "sà" parí rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní mo lẹ́nu. Ìdí ìbọn ló fi dá mi lóhùn. Àwọn yòókù sùn sílé wọn lọ́jọ́ náà. Èmi lo oṣù mẹ́rin níbi tí wọ́n mú mi lọ. N kò ní sọ ti ibẹ̀. Nígbà tí mo jáde, apá òsì àgbọ̀n mi kò mọ nǹkan kan lára mọ́. Bí mo bá ń jẹun, mo ní láti fi ọwọ́ nu ibẹ̀ léraléra, nítorí n kò ní mọ̀ bí ìrẹsì bá lẹ̀ mọ́ ọn.

Àwọn tó dákẹ́ lọ sílé. Ẹ̀kọ́ tí mo bá jáde nìyẹn, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ìjọba bọ́ sọ́wọ́ alágbádá, àwọn ènìyàn ń bọ ara wọn lọ́wọ́ ní òpópónà. Wọ́n ní ẹnu ti gba òmìnira. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Inú mi kò dùn, kò sì bàjẹ́. Mo kàn ń wo ẹnu wọn bó ṣe ń ṣí tó ń pa dé.

Ọkùnrin tó ń gé bébà fi bí ọdún mẹ́jọ kéré sí mi. Ìlàjẹ ní Bàrígà, létí ọ̀sà, ló ń gbé, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń yan ẹja. Àwọn obìnrin ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa ń pè é ní Ará Etí Omi, wọ́n ní òórùn ẹja yíyan ló ń sáré ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó lè gbá ìdì bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta péré, kó sì gún bí ògiri. Kò ní ìwé ẹ̀rí kankan. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Bọ́tìnì méjì ló wà níwájú ẹ̀rọ ìgébébà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Àfi bí ènìyàn bá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ wọ́n pọ̀ ni ọ̀bẹ tó máa wálẹ̀. Àwọn tó ṣe é fẹ́ kí ọwọ́ kankan má ṣe wà lábẹ́ ọ̀bẹ nígbà tó bá ń gé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó bá wà lórí bọ́tìnì kò lè di bébà mú, bébà tó bá sì ti yẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, bí iṣẹ́ bá ti pọ̀, gbogbo prẹ́ẹ̀sì òpópónà wa ló máa ń fi rọ́bà inú táyà de bọ́tìnì apá òsì mọ́lẹ̀. Ọwọ́ òsì á wá ráyè. Ọgbọ́n iṣẹ́ là ń pè é. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, a máa ń bi í bóyá ilé ìwé ni wọ́n ti kọ́ ọ níṣẹ́.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí alágbádá wọlé, gbogbo ẹni tó yege nínú ìbò, láti orí káńsẹ́lọ̀ lọ sókè, ló ń wá kàlẹ́ńdà tó ní àwòrán òun. Iṣẹ́ kún ilẹ̀ débi pé a ń rìn lórí bébà. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló mú rọ́bà wá, tó dè é.

Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, mo gbọ́ ìró kan láti yàrá yẹn. Bí ọ̀bẹ bá wálẹ̀, ó máa ń dún gìì, á sì padà sókè. Èyí tí mo gbọ́ wá lẹ́yìn gìì àkọ́kọ́, ó kéré, ó dà bí ẹni tó jáde nílé tó rántí nǹkan tó sì padà. Mo ti lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí. Mo mọ̀ pé bíréèkì tó ń dá ọ̀bẹ dúró lókè ti ń jẹ tán. Lọ́jọ́ kan, ọ̀bẹ náà yóò gòkè tán, yóò sì tún já wálẹ̀ láìsí ẹni tó tẹ nǹkan kan, nígbà tí ọwọ́ òsì bá ti wọlé lọ tún bébà tò. Mo mọ gbogbo èyí lórí ìdúró. Mo ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, agébébà wá bá mi níbi tí mo ti ń fi kẹrosíìnì nu íńkì ọwọ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń gbọ́ nǹkan tí mò ń gbọ́?"

"Kí lò ń gbọ́?"

"Ọ̀bẹ yẹn. Ó ń ṣe bí ẹni fẹ́ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì."

"Ìwọ lo wà nídìí ẹ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ó wò mí díẹ̀. "Ó dáa, Ẹ̀gbọ́n," ló sọ, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé, nígbà tí gbogbo wa ní "Kò sí, sà," òun nìkan ló na ọwọ́ sókè.

"Ó wà, sà."

Ọ̀gá gbé ojú sókè kúrò lórí ìwé rẹ̀. N kò rò pé ó bínú. Ó yà á lẹ́nu ni. "Ó yá, sọ ọ́."

"Ọ̀bẹ ẹ̀rọ yẹn, sà. Ó dà bí ẹni pé kì í fẹ́ dúró lókè."

"Ó dà bí ẹni pé, àbí kì í dúró? Ṣé o rí i?"

"Mi ò tíì rí i, sà. Mo ń gbọ́ ọ ni."

"Ọ̀bẹ ń bá ọ sọ̀rọ̀." Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, gbogbo wa sì bá a rẹ́rìn-ín. "Kí ló sọ? Ṣé ó ní kó o lọ sinmi ní Ìlàjẹ?" Ó wá yíjú sí mi, nítorí gbogbo wọn gbà pé mo mọ̀ nípa ẹ̀rọ. "Ọ̀gbẹ́ni, ìwọ lo ti pẹ́ nídìí ẹ̀. Ṣé nǹkan ń ṣe ẹ̀rọ yẹn?"

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí. N kò bẹ̀rù ọ̀gá. Kò sí ohun tó lè fi mí ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó wà lára mi kò mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ṣọ́jà. Bí ojú àwọn ènìyàn bá ti yí sọ́dọ̀ mi lórí ìdúró, tí wọ́n ń retí ohun tí mo fẹ́ sọ, ara mi á kú tipiri, ẹnu mi á sì sọ èyí tó yá jù.

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, sà."

"Ẹ gbọ́ ọ," ni ọ̀gá wí, ó sì pa ìwé rẹ̀ dé.

Ó ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá òwúrọ̀. Mo gbọ́ gìì. Mo gbọ́ ìkejì, kò kéré mọ́. Agébébà kò pariwo. Màmá ló pariwo. Nígbà tí mo débẹ̀, agébébà dúró síwájú ẹ̀rọ, ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó ń wò ó bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Orí ìka àárín ti lọ, láti ìdí èékánná. Ẹ̀jẹ̀ wà lójú káńsẹ́lọ̀ tó ń rẹ́rìn-ín nínú kàlẹ́ńdà náà. Ọ̀gá fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Ìgbóbì, ó sì dúró tì í níbẹ̀ títí wọ́n fi dì í. Èmi ni mo gbá ilẹ̀ yàrá náà. Mo fi omi nu ẹ̀rọ. Mo padà sídìí tèmi, mo tẹ àwòrán ẹlòmíràn títí di ìrọ̀lẹ́.

Kí ọjọ́ tó rọ̀, ìtàn ti wà: agébébà ń bá àwọn obìnrin ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣàwàdà ni, kò wo iwájú. N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó kàn rọrùn fún gbogbo wa láti gbà.

Mo lọ kí i ní Ìlàjẹ ní ọjọ́ Àìkú. Èéfín ẹja kún ilé. Ó jókòó sójú fèrèsé tó kọjú sí omi, ó gbé ọwọ́ lé ìrọ̀rí. Ìyàwó rẹ̀ bu oúnjẹ fún mi, ó jókòó tì mí.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní eré ló ń bá obìnrin ṣe. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ọlọ́run ló yọ ọ́," ni mo wí.

"Kì í ṣe ohun tí mo bi yín nìyẹn."

Ọkọ rẹ̀ ní kó jẹ́ kí n jẹun. Mo jẹun. Ẹja náà dùn, mo mọ̀ pé ó dùn. Ó sọ fún mi pé bí òun bá padà, òun gbọ́dọ̀ padà sídìí ẹ̀rọ kan náà, nítorí òun kò mọ iṣẹ́ mìíràn, kò sì sí ẹni tí yóò gba agébébà tó ti gé ara rẹ̀. "Ìka mẹ́sàn-án ló kù fún mi," ló wí, ó rẹ́rìn-ín. "Màá máa ṣọ́ wọn."

Lọ́jọ́ náà, nígbà tí mò ń rìn bọ̀ lẹ́bàá omi, mo mọ̀ pé rọ́bà ṣì wà lórí bọ́tìnì. Kò sí ẹni tó tú u. Prẹ́ẹ̀sì mìíràn ni a ń gbé iṣẹ́ lọ gé, ẹ̀rọ tiwa kàn ń dúró dè é.

Ó padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní ọjọ́ Ajé, pẹ̀lú báńdéèjì. Ọ̀gá fi ìdúpẹ́ kún àdúrà. Ó ka iṣẹ́. Ó ní kí agébébà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kàlẹ́ńdà tó wà nílẹ̀. "Ìṣọ́ra ló kù o. Fi àwọn ìyá rẹ sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀." Màmá pòṣé, ṣùgbọ́n nínú imú ni. Ọ̀gá wá bi wá bó ṣe máa ń bi wá.

"Kò sí, sà," ni wọ́n wí.

Ẹnu mi kò bá wọn sọ ọ́. N kò lè sọ pé mo pinnu. Mo ń wo báńdéèjì náà ni, ìgbà tí mo fi máa mọ̀, ìdáhùn ti kọjá mi.

"Ọ̀gbẹ́ni, n kò gbọ́ tìrẹ."

"Ó wà, sà."

Mo fi ọwọ́ di etí tábìlì mú. Mo ní ọ̀bẹ ẹ̀rọ yẹn máa ń wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Mo gbọ́ ọ ni, sà."

"Ìwọ náà? Ṣé ẹ̀yin méjèèjì ti ṣe ìpàdé ni? Àbí alágbádá ti dé inú prẹ́ẹ̀sì mi?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ojú ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ mi ni mo fi dè é. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń de rọ́bà. Ṣé o fẹ́ sọ pé èmi ni mo gé e lọ́wọ́?"

Mo ní, "N kò bá yín jiyàn, sà. Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Bí kò bá wálẹ̀, èmi ni mo purọ́."

Ọ̀gá gbé ìwé rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó lè lé mi. Mo ti ń ronú ibi tí màá kó aṣọ iṣẹ́ mi sí. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ọwọ́ ni òun náà, kò sì sí oníṣẹ́ ọwọ́ tó lè kọ̀ láti wo ẹ̀rọ. Ó ṣáájú wa wọ yàrá náà.

Mo ká páálí, ó tóbi tó ìka, mo so ó mọ́ orí igi gígùn kan. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ń tẹ bọ́tìnì ọ̀tún. Bí ọ̀bẹ bá ti gé tó sì gòkè, màá ti igi náà wọlé síbi tí ọwọ́ òsì máa ń wà, màá sì fà á jáde. Ọ̀gá ń kà á sókè. Nígbà tó ka ogún, ó wò mí. Nígbà tó ka ọgbọ̀n, ẹnì kan lẹ́yìn sọ pé iṣẹ́ ń dúró.

"Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́," ni Màmá wí. "Ṣé ìka tìrẹ ló wà níbẹ̀?"

Ní ẹ̀ẹ̀kẹrìndínlógójì, ọ̀bẹ gòkè, mo ti páálí wọlé, ọwọ́ ọ̀gá ti kúrò lórí bọ́tìnì, ọ̀bẹ sì já wálẹ̀. Páálí náà di méjì. Ìdajì rẹ̀ yí dé ẹsẹ̀ ọ̀gá.

Ó pa iná ẹ̀rọ. Ó wá ọ̀bẹ kékeré, ó gé rọ́bà náà kúrò, ó pẹ́ kó tó gé e tán. Kò wo agébébà. Èmi ló wò.

"Láti ìgbà wo lo ti ń gbọ́ ọ?"

Mo lè sọ pé àná ni. Mo lè sọ pé lẹ́yìn tó ṣèṣe ni. Ó ti wà lẹ́nu mi. Agébébà dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ti òsì.

"Bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó gé e, sà."

"Mo bi ọ́. Níwájú gbogbo èèyàn, mo bi ọ́."

"Ẹ bi mí, sà."

Lẹ́yìn náà agébébà ní, "Mo mọ̀ pé ẹ gbọ́ ọ, Ẹ̀gbọ́n. Mo rí ojú yín lọ́jọ́ yẹn. Mo kàn rò pé bí ẹ bá ní kò sí nǹkan, ẹ mọ ohun tí èmi ò mọ̀ ni."

Mo fẹ́ kí inú mi bàjẹ́. Mo dúró dè é. Kò tètè dé.

Oníṣẹ́ ẹ̀rọ wá, ó pààrọ̀ bíréèkì. Rọ́bà kò padà sórí bọ́tìnì mọ́, àwọn prẹ́ẹ̀sì tó yí wa ká sì fi wá ṣẹ̀sín títí. Ọ̀gá kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé yí padà. Kò ka iṣẹ́ ṣáájú mọ́. Lẹ́yìn àdúrà, yóò kọ́kọ́ bi wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pé, "Kí ló ń ṣe ẹ̀rọ tìrẹ?" Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ wá nǹkan kan sọ, "Kò sí" kò tó. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ṣòro. Nígbà tó yá, a ń jiyàn débi pé Màmá ní kí wọ́n gbé àga wá fún òun.

Agébébà kò bá mi ṣọ̀tá. Ó ṣì ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó rẹ̀ ṣì ń fi ẹja ránṣẹ́ nígbà ọdún. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán mọ́. Ohunkóhun tí mo bá sọ nípa ẹ̀rọ, ì báà jẹ́ ohun tí gbogbo ayé mọ̀, yóò na ọwọ́ òsì yẹn sókè, yóò ní, "Ẹ jẹ́ ká dán an wò, Ẹ̀gbọ́n." N kì í bá a jiyàn. Mo máa ń dìde, màá sì tẹ̀ lé e lọ sídìí ẹ̀rọ.